Bẹ́ẹ̀dì Funfun Ló Gbé Mi Dé Ìdí Okùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jókòó dáadáa bí ẹ bá rí àga. Èmi ò rí. Orí símẹ́ǹtì ni mo wà, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn tó ń dúró de okùn sí. Adájọ́ ní kí wọ́n so mí lọ́rùn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ omi mu, ó wá ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi. Mo fẹ́ dáhùn pé, "Àmín, àti tiyín náà," àmọ́ lọ́yà mi ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wọn kì í sọ ọjọ́ fún wa. Bí kọ́kọ́rọ́ bá dún láàárọ̀, gbogbo wa a máa wo ara wa bíi pé ẹnì kan nínú wa ló ránṣẹ́ pè é. Wọ́ọ̀dà kan wà tó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò fọkàn tán ẹ̀rín yẹn. Lánàá ó fi ẹran lé ẹ̀wà mi.

Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé? Ṣé ọ̀la ni?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ oúnjẹ yín jàre."

Mo wo ẹran náà títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà mo jẹ ẹ́. Ikú ò ní ká máa fi ẹran ṣòfò.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á já dáadáa. Bí àmì bá sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ bá mi fi síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ kò sí nínú ìwé ilé ẹjọ́, torí pé ní kóòtù, mo purọ́ títí ẹnu fi ro mí. Mo ní èmi àti Bàbá Ràfíù, awakọ̀ wa tó kú, la jọ dìtẹ̀ jalè. Irọ́ ni. Títí dòní, olè ni wọ́n ń pè é ládùúgbò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ ọmọ olè. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ kí okùn tó dé.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà tí ọkọ mi ń ṣe ló gbé wa dé Ìkoròdú, a háyà yàrá kan àti pálọ̀. Ẹja yíyan ni mò ń tà. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń rà á, nígbà tó sì yá, àwọn obìnrin ìsọ̀ kan níbẹ̀ gbà mí mọ́ra, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìkoròdú. Àwọn ará Ìkoròdú ní tiwọn ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà pé tòun ni mí. Ẹ ti wá rí i báyìí pé wọ́n gbọ́n.

Àwa mẹ́fà la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àlàájà ni olórí wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé. Ìyá rẹ̀ yan ẹja, ìyá ìyá rẹ̀ yan ẹja. Ojú ẹja ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú ẹni tó ń tà á. A máa ń kó ẹrù wa pọ̀ lọ sí Àbújá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọyì òbòkún. Ẹnì kan ni yóò bá ẹrù lọ, a sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Kí ẹrù má baà dàrú, oníkálukú ní àkísà tó ń so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Àlàájà jẹ́ àǹkárá pupa. Tèmi jẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ mi tó ti ya.

Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í rú: ẹja kì í dá sùn. Ẹni tó bá ẹrù lọ gbọ́dọ̀ sùn tì í. Bí òjò bá ṣú, kó bò ó. Bí ibẹ̀ bá móoru, kó tú u síta kó gba atẹ́gùn. Èkúté ń wá ẹja yíyan, ọ̀rinrin ń wá a, ọmọ aráyé náà ń wá a. Orí ẹní la ti ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù oníbàárà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí, àfi ọjọ́ tí kò dùn mí mọ́.

Lọ́jọ́ náà, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Àbújá fẹ́ ra ẹja wa. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní ká gbà wọlé, ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí gbà jáde. Olórí àwọn tó ń dáná, tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ ga ju ìwà rẹ̀ lọ, dá wa dúró láti ọ̀sán títí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ojú wá tì í, ó ní yàrá kan ṣófo lókè, kí n lọ sùn síbẹ̀, kí wọ́n kó ẹja sí sítọ́ọ̀ wọn. Bàbá Ràfíù, awakọ̀ wa, ní inú bọ́ọ̀sì tẹ́ òun lọ́rùn.

Obìnrin kan tó wọ dúdú lórí funfun ṣílẹ̀kùn fún mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màdáámù."

Mo wẹ̀yìn kí n mọ ẹni tó ń kí.

Bẹ́ẹ̀dì náà funfun débi pé mo kọ́kọ́ rò pé òkú ni wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀. Ìrọ̀rí mẹ́fà! Orí mélòó ni mo ní? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná, torí aṣọ mi ń rùn èéfín. Ìgbà tó yá, mo fi omi gbígbóná wẹ̀, omi tí mi ò fi igi kankan dáná sí. Mo wá gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbà mí mọ́ra bí ẹni tó ti ń retí mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Láàárọ̀, wọ́n gbé àwo ńlá kan síwájú mi. Ẹja kékeré kan wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà, ewé kan lórí rẹ̀, ọbẹ̀ yí i ká láì fọwọ́ kàn án. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo mọ̀ ọ́n! Òbòkún Àlàájà ni. Ẹja tí mo gbé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lánàá ni wọ́n gbé gba iwájú wá kí mi. Mo rẹ́rìn-ín títí agbáwo fi béèrè bóyá kò rẹ̀ mí.

Mo sọ nínú ọkàn mi pé, bí ẹja bá lè ṣe é, èmi náà lè ṣe é.

Nígbà tó tún kàn mí láti bá ẹrù lọ, mo bá Ṣẹ́ẹ̀fù nídìí ìdáná. Ó ní, "Màdáámù, tọ̀fẹ́ ò sí lónìí o." Mo na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ mi, mo fa òbòkún kan yọ. Kì í ṣe tèmi. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Eléyìí ò tó ìrọ̀rí kan." Mo fa òmíràn. Bá a ṣe ń ná yàrá nìyẹn, èmi ń fi ẹja ẹlẹ́ja ná an, òun ń fi yàrá oníyàrá tà á. Bí mo bá yọ tán, màá gbọn apẹ̀rẹ̀ kó tún dà bíi pé ó kún. Ẹja kan péré ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará. Bí ẹnì kan bá ti gbá mi létí lórí ẹja yẹn, ǹ bá wà nílé lónìí.

Ó wá ku Bàbá Ràfíù. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi sùn ti ẹja yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ níbí, ó ní kí n wá kí òun."

"Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni o. Ẹ̀yin náà!"

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Fọlákẹ́."

Nígbà tí a tún padà lọ, ó tún béèrè, mo ní Fúnkẹ́. Ó ń ta eyín lọ́wọ́. Ó yọ igi náà lẹ́nu, ó ní, "Àbúrò Fọlákẹ́ nìyẹn?"

Ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Bó bá wúkọ́, mo rò pé èmi ló ń wúkọ́ fún. Bó bá tẹ fóònù, mo rò pé Àlàájà ló ń pè. Mo bu ìrẹsì òtẹ́ẹ̀lì wá fún un nínú ike, ó dá a padà. Ó ní, "Ìyá Ìkoròdú, mi ò kì í jẹ oúnjẹ tí mi ò mọ ibi tó ti wá." Mo ní nínú ara mi pé, àgbà yìí mọ̀, ó kàn ń dúró dè mí ni.

Ẹnu mi náà ti bàjẹ́. Bí mo bá ro ẹ̀bà nílé, àfi bíi pé mò ń ro símẹ́ǹtì. Mo wá ibì kan létí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn olówó ti ń wá fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ ọjọ́ ìsinmi wọn. Màá sọ fún ọkọ mi pé Ejinrin ni mò ń lọ, màá gba ibẹ̀ lọ jókòó bí ìyàwó gómìnà. Àwọn agbáwo máa ń tẹ̀ lé mi lójú títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n rò pé ṣíbí ni mo fẹ́ jí. Ẹ ò rí nǹkan bí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọlé, ọkọ mi ń fá pákó.

"Ibo lo ti ń bọ̀?"

"Ejinrin. Èrò pọ̀ lọ́jà."

"Ọjà Ejinrin ò bọ́ sí òní. Ọ̀tunla ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń ná an fún mi ni?"

Ó dìde, ó fa gèlè mi sí imú. "Aṣọ ẹ ò rùn èéfín. Ẹni tó lọ ra ẹja, tí kò rùn ẹja! Ta lọkùnrin náà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọkùnrin wo? Bẹ́ẹ̀dì ni! Àmọ́ ta ni màá sọ ọ́ fún? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi ìgbádùn mi dé, màá kọ́kọ́ lọ dúró níbi èéfín Rísí, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́, màá yí iwájú, màá yí ẹ̀yìn, títí màá fi rùn bí ìyàwó rere.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan. Mo ti ń kó àwọn ọṣẹ kékeré tí wọ́n ń tò sí balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì bọ̀ wálé. Mo fún Àlàájà ní mẹ́ta, mo ní ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, ta ló ń ka ọṣẹ? Ọmọ Àlàájà tó jẹ́ tíṣà kà á, ó rí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Nígbà tí mo tún dé ìsọ̀, Àlàájà ní, "O ṣé o, fún ọṣẹ náà. Ó kéré, àmọ́ ó ti ibi ńlá wá." Kò fi nǹkan kan kún un. Ó ń tún ẹja tò, ó sì ń wò mí láàárín ẹja kan sí èkejì. Oorun ò kùn mí lọ́sẹ̀ yẹn.

Àárín òjò ni wọ́n ránṣẹ́ láti Àbújá pé àwọn fẹ́ ẹja púpọ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́lá kan. Àwọn obìnrin wa kó gbogbo ohun tí wọ́n ní síbẹ̀. Rísí wà nínú oyún, ẹrù yẹn ló fọkàn tẹ̀ fún ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Èmi ló kàn láti lọ. Àlàájà di ọwọ́ mi mú lẹ́nu bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Ìkoròdú, ibo lo máa sùn?"

"Ti ẹja ni, Àlàájà."

"Tún un sọ."

"Ti ẹja ni."

A dé Àbújá nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gba ẹrù, àmọ́ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì ti ń ké láti Lókòjà. Bàbá Ràfíù ní mẹkáníìkì tóun mọ̀ wà lẹ́yìn ìlú, àfi ká já ẹrù sílẹ̀ ní bùkà kan tó ṣófo nínú gáréèjì. Ó fi tapólì bò ó, ó wo ojú sánmà.

Ó ní, "Jókòó tì í. Bí mo bá pẹ́, sùn tì í. Òjò ń bọ̀."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Ó wo báàgì mi. "Báàgì yẹn tóbi fún orí ẹní."

Bó ṣe yí kọ́nà tán, mo fún ọlọ́dẹ gáréèjì náà ní ẹja méjì kó máa bá mi wò ó, mo gba òtẹ́ẹ̀lì lọ. Mo ní wákàtí díẹ̀ ni, kí n kàn wẹ̀, kí n kàn jẹun. Mo jókòó síbi oúnjẹ wọn. Ní Ìkoròdú, bí iná bá lọ la ń tan àbẹ́là. Níbẹ̀, iná wà, wọ́n pa á kí wọ́n lè ráyè tan àbẹ́là! Mo jẹ ẹran tí ọ̀bẹ ń wọ̀ bíi pé ó ń wọ òrí. Mo gòkè lọ sinmi díẹ̀. Gíláàsì fèrèsé wọn nípọn, kọ́tìnnì wọn nípọn. Mi ò gbọ́ òjò. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: òjò rọ̀ tó fẹ́ gbé ìlú lọ, èmi tí wọ́n ní kí n sùn ti ẹja, mi ò gbọ́ ẹyọ ẹ̀kán kan.

Láàárọ̀ mo fa kọ́tìnnì, mo rí omi lójú títì. Mo sáré. Ọlọ́dẹ ti sá lọ. Atẹ́gùn ti ká tapólì sórí igi, apẹ̀rẹ̀ wà nínú omi, ẹja yíyan ti wú, ó ti padà di ẹja tútù. Bàbá Ràfíù wà nídìí rẹ̀, ó ń ṣa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àpò. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Ìyá Ìkoròdú."

"Bàbá."

"Bàtà wo nìyẹn?"

Sílípáàsì funfun òtẹ́ẹ̀lì ni mo fi sáré wá.

Ó ní, "Èmi ò ní sọ fún Àlàájà. Ìwọ lo máa sọ. Wọ mọ́tò máa lọ lónìí, lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Èmi á tún bọ́ọ̀sì ṣe, mà á wo ohun tó ṣeé yọ nínú eléyìí. Bí mo bá dé tí o ò tíì sọ, ìgbà yẹn ni mà á lanu."

Àánú mi ló ṣe é, àmọ́ mi ò rí i bí àánú. Mo rò pé ta ní ń ṣe ẹni lóore lásán? Mo rò pé ó fẹ́ fi dè mí lọ́rùn ni, kó máa fà mí kiri títí ayé. Ẹni tó ń yọ ẹja nínú ẹrù ẹlẹ́rù, ojú olè ló fi ń wo gbogbo ayé.

Nígbà tí mọ́tò dé Lókòjà, òtítọ́ ni mo ṣì fẹ́ sọ. Nígbà tá a dé Ọ̀rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló kù. Nígbà tí mo máa fi bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, adigunjalè ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn.

Mo wólẹ̀ níwájú ìsọ̀, mo ké. Gbogbo wọn ké pẹ̀lú mi, àfi Àlàájà.

"Bàbá Ràfíù ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn, Àlàájà."

"Ṣé wọ́n ṣe é léṣe?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn án." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò sọ nǹkan kan o. Ó kàn tẹ fóònù kí wọ́n tó yọ sí wa ni."

"Ta ló pè?"

"Ṣé mo mọ̀? Mi ò fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn."

Àlàájà ní ká dúró títí ọkùnrin náà á fi dé, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Àwọn yòókù ò lè dúró. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Omi òjò ló wọ̀ ọ́, àmọ́ ta ló mọ̀? Ọjọ́ kejì, ẹnì kan ní òun rí ìyàwó rẹ̀ tó ra gáàsì tuntun. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ó ń kọ́lé. Ẹyin kan ni mo yé, gbogbo ọjà ló bá mi sàba lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni, ní gáréèjì kan láàárín Ìkoròdú àti Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Èmi àti Rísí pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì ń dúró de mọ́tò. Bọ́ọ̀sì Bàbá Ràfíù wọlé, táyà iwájú méjèèjì jẹ́ tuntun. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ti sọ.

Ó lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó ṣí i, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sáyà. Òmíràn wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja inú wọn gbẹ dáadáa. Lókòjà ló ti yà, létí odò, ó bẹ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ pé kí wọ́n yá òun ní ààrò, ó fi ọjọ́ méjì jókòó sínú èéfín, ó tún ẹja wa yan. Èyí tó ṣeé yọ nìyẹn. Àkísà pupa Àlàájà sì wà létí apẹ̀rẹ̀.

Rísí rí i. "Ẹ wò ó! Àkísà Àlàájà nìyẹn! Ẹrù tí wọ́n jà wá lólè nìyẹn!"

Gbogbo gáréèjì yíjú. Bàbá Ràfíù ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ìyàwó mi. Ìyá Ìkoròdú, sọ fún wọn."

Gbogbo wọn wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹnu tí mo ní yìí, mo ti fi ta ẹja tó kú lánàá bíi pé ó ṣì ń bú mi. Ẹnu ò wọ́n mi. Mo ní àyè láti sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù ló bà mí, tàbí pé èṣù ló sáré gbà mí lẹ́nu. Mo wo ojú rẹ̀, mo ro bẹ́ẹ̀dì, mo ro Àlàájà, mo ro ọkọ mi, mo sì yàn.

Mo ní, "Olè ni! Òun ló tà wá fún wọn!"

Mo mú igi nílẹ̀, mo sì kọ́kọ́ là á mọ́ ọn léjìká. Kò gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹja dà nù.

Àwọn tí kò mọ èmi, tí kò mọ òun, tí kò jẹ òbòkún rí, ni wọ́n parí rẹ̀. Mi ò ní kọ ìyókù. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ẹja wà káàkiri ilẹ̀, àwọn obìnrin ń ṣà á. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ṣà.

Nígbà tí a gbé ẹja náà dé iwájú Àlàájà, ó mú ẹja kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án.

Ó ní, "Ẹja yìí ti mu omi. Wọ́n tún un yan ni, igi tí wọ́n sì fi yan án, kì í ṣe igi ilẹ̀ wa." Ó wò wá yíká. "Olè wo ló ń tún ẹja yan fún ẹlẹ́ja?"

Ó fi èdè Ẹ̀pẹ́ sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ tán, ó sì ní kí ọmọ òun lọ mú ọ̀rá ọṣẹ yẹn wá. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́pàá ti bá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Orúkọ mi wà nínú ìwé wọn, ní ọjọ́ tí mo ní ìbọn wà lórí mi lọ́nà.

Ní kóòtù, mo ní Bàbá Ràfíù náà mọ̀ sí i, pé ẹja ń jáde lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo rò pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá di méjì, tèmi á fúyẹ́. Òkú ò lè jà. Adájọ́ ò gbà mí gbọ́, àmọ́ àwọn ará gáréèjì gbà mí gbọ́, torí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà pé olè làwọn pa.

Àlàájà wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sí òdìkejì wáyà, ó tẹjú mọ́ mi.

"Sọ òótọ́. Kí ló wà ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀dì ni, Àlàájà."

"Bẹ́ẹ̀dì?"

"Àti ìrọ̀rí mẹ́fà. Àti pé wọ́n ń pè mí ní Màdáámù."

Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́, ó ṣì ń wá ọkùnrin kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Nígbà tó ń dìde, ó ní Ràfíù ti tún bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ máa fi kẹ́rù, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó to ìlà ní gáréèjì. Wọ́n ní ọmọ olè ò ní gbé ẹja àwọn.

Ìdí tí mo fi tọrọ báírò nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó dáa o. Ẹ sùn! Ẹ fi òógùn yín sùn síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ìyá yín pé ibẹ̀ lẹ sùn sí. Àmọ́ ìgbádùn tó bá ti di pé ẹ ń purọ́ orúkọ kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀, ẹ sá fún un, kódà bó jẹ́ ẹja kan péré ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín sì máa ń yá sí igi ní gáréèjì, bí ẹnì kan bá ké "Olè," ẹ fi igi sílẹ̀ ná. Ẹni tó ké e ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Èmi ni.

Ràfíù, mi ò ní kí o dárí jì mí, mi ò sì ní bínú bí o bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ okùn mi. Mú ìwé yìí lọ sí gáréèjì. Fún ẹni tó lè kàwé níbẹ̀ kó kà á sókè. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, sọ fún wọn pé ẹnu tó pè é lólè ló ń sọ̀rọ̀ yìí: bàbá rẹ kò jalè. Kí wọ́n jẹ́ kí o kẹ́rù.